Ìwé Ẹ̀rí Glenys Penhale

Ní Moonta, ìlú kékeré tó wà létí òkun ní Gúúsù Ọsirélíà, bí ẹnì kan bá sọ pé ẹlòmíràn "kò burú," ó ti yìn ín dé òkè téńté nìyẹn. Wọn kò ní ìyìn kankan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó dùn yùngbà, kò burú ni. Òjò tó rọ̀ sórí ọkà lásìkò, kò burú ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Glenys Penhale, ọkọ rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó ní aṣọ yẹn ò burú, omi ayọ̀ sì bọ́ lójú ìyàwó. Ẹni tó bá ń pọ́n ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ẹ yáa fura sí i: bóyá ó fẹ́ ta nǹkan fún yín ni, tàbí kó fẹ́ gbé ẹrù kan kọ́ yín lọ́rùn.

Glenys mọ èyí bí ẹni mowó. Òun gan-an ló sì wá ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń di páì ẹran ní ilé búrẹ́dì ìlú náà kó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa bá òun fa ọ̀rọ̀ gùn. Ilé méjì ló ní, ọgbà kan ló là wọ́n láàárín. Ó ń gbé ọ̀kan. Èkejì ni Clem ọkọ rẹ̀ fi òkúta kọ́ fúnra rẹ̀, ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè fún ọdún mẹ́rin gbáko. Kò sí fèrèsé kan níbẹ̀ tí Glenys ò bá a gbé dúró kó tó kàn án mọ́ ara ògiri. Nígbà tí Clem kú, ó fi ilé náà háyà kó má baà máa ṣófo.

Ayálégbé àkọ́kọ́ ni Trent Hadlow. Trent rẹ́rìn-ín, ó gbé òdòdó wá, ó ní ilé náà dà bí ààfin. Glenys ò bi í ní nǹkan kan. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò wo ìwé kankan, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, Trent ti sọ pálọ̀ di ibi tó ti ń tú alùpùpù, pákó ilẹ̀ sì mu epo dúdú yó. Nígbà òtútù, ó yọ ilẹ̀kùn yàrá méjì, ó fi wọ́n dáná yá. Láti lé ayálégbé jáde níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Fọ́ọ̀mù ní tirẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní tirẹ̀. Ibi tí Glenys ti ń ro èyí ni Trent ti wá bá a. Ó ní òun ti rí ilé kan ní Burra, ibi tí ọkọ̀ ń rìn dé ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Bí Glenys bá lè kọ ìwé ẹ̀rí tó dára fún òun, òun á kó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Glenys kọ ọ́. Ìjókòó kan ló fi kọ ọ́ tán: "Ọ̀gbẹ́ni Hadlow ni ayálégbé tó dára jù lọ tí mo tíì ní. Ìyanu ènìyàn ni. Àdánù ńlá ni lílọ rẹ̀ jẹ́ fún mi." Ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́, nítorí Trent nìkan ni ayálégbé tí òun tíì ní láyé, ẹnì kan ṣoṣo kò sì ní ẹni tí yóò jù ú. Ọgbọ́n tí àgbà fi ń tan ara rẹ̀ jẹ rèé.

Brenton, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Adelaide, ló fi ìsinmi ọdún rẹ̀ tún ilé náà ṣe. Ó ra ilẹ̀kùn, ó ha epo títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Síbẹ̀ àbàwọ́n kan kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọ̀ tí kò lọ. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé. Lọ́jọ́ tó ń padà lọ, ó ní, "Màámi, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní ṣe é mọ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá tún ba ilé yìí jẹ́, títà la máa tà á." Glenys gbà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣi ènìyàn yàn lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ ọwọ́ Clem lọ nìyẹn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá. Glenys di ọlọ́pàá. Ó ń ka fọ́ọ̀mù bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò, á sì pe ibi iṣẹ́ ènìyàn láti mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Onílé tí ènìyàn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kọ́ ló ń gbà gbọ́. Onílé tó ṣáájú ìyẹn ló ń wá kiri, nítorí ẹni tí ayálégbé burúkú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lè sọ ohunkóhun kó lè bọ́. Bí wọ́n bá bi í níbo ló ti kọ́ èyí, á ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni. Bí àlejò bá wo ilé tán, Glenys á sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀yàyà o, inú ọkọ̀ ló fẹ́ yọjú wò. Bí ọkọ̀ ènìyàn bá ṣe rí, ó ní, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìdáná rẹ̀ máa rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ilé náà ti ń ṣófo fún nǹkan bí ọdún méjì. Ní oṣù kìíní ọdún, nínú ooru, ó lẹ ìwé háyà mọ́ ara ilé búrẹ́dì, ó sì fi í sínú ìwé ìròyìn àdúgbò. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá. Ọ̀kan pẹ́ dé ní wákàtí kan gbáko, ó ní etí òkun ni òun yà sí. Ọ̀kan kọ nọ́ńbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí Glenys pè é, ìyá rẹ̀ ló gbé e. Báyìí ni mẹ́sàn-án ṣe já bọ́ títí ó fi ku méjì.

Ọ̀kan ni tọkọtaya Stanway. Fáìlì wọn nípọn, ó ní àwòrán, ó ní lẹ́tà, ọkọ̀ wọn sì ń dán gbinrin bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú páálí. Èkejì ni Dean Schirmer, awakọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọkà bálì lọ sí èbúté Wallaroo. Dean ti dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú àsìkò, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ títí àsìkò fi pé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ajá kan tó ti dàgbà débi pé gbígbé ni wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Inú ọkọ̀ ọ̀hún, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Èèpo bálì, irun ajá, ìwé ògbólógbòó, ife tíì mẹ́rin. Glenys wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò.

Dean ò yin nǹkan kan nínú ilé náà. Ó ṣí ẹ̀rọ omi wò, ó fi ẹsẹ̀ kan pákó ilẹ̀ káàkiri, nígbà tó dé ibi àbàwọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó dúró.

"Epo alùpùpù nìyí," ó ní.

Glenys ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bó ṣe gbọ́ nípa ilé náà. Dean ní òun rí àdírẹ́sì rẹ̀ nínú ìwé kan. Glenys rò pé ìwé ìròyìn ló ń sọ.

Nínú fọ́ọ̀mù, Dean kọ ọ́ pé inú ilé alágbèéká létí òkun ni òun àti ọmọ òun wà, àti pé àwọn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí oṣù tó parí. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti gbé ọdún mẹ́sàn-án nílé Mísíìsì Avis Nankivell, ní Burra. Ìdí tó fi kúrò: wọ́n ta ilé. Nígbà tí Glenys rí Burra, ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ilé Burra kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì.

Brenton pè láti Adelaide, ó ní kí ló tún ń rò, kó mú àwọn Stanway. Glenys fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Onílé tó ṣáájú, àwọn Stanway ní ó ti kú, torí náà ó pe èyí tí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ jẹ́ kó bi í tán. Ó ní ìyanu ènìyàn ni wọ́n, ó ní àdánù ńlá ni lílọ wọn máa jẹ́ fún òun.

Glenys mọ ọ̀rọ̀ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde rí. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó máa gbà wọ́n padà bí wọ́n bá fẹ́ padà wá. Ọkùnrin náà húkọ́, ó ní ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn òun, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Fáìlì Stanway padà sínú àpò rẹ̀.

Ó wá pe Burra. Ohùn arúgbó ló dáhùn. Glenys kí i, ó ní orúkọ òun ni Glenys Penhale, láti Moonta, òun fẹ́ béèrè nípa ẹnì kan tó ti gbé nílé wọn rí.



"Penhale," ni Avis Nankivell wí. "Ìwọ lo kọ ìwé Trent Hadlow."

Glenys lè pa fóònù náà. Ó rò ó, mi ò ní parọ́ fún yín, ìka rẹ̀ tilẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pa á.

"Èmi ni," ó ní.

"Ṣé òótọ́ lo kọ síbẹ̀?"

"Irọ́ ni, mà. Mo fẹ́ kó kúrò nílé mi ni."

Avis ò pariwo. Ó kàn rò ó fún un bó ṣe rí. Ilé méjì ni òun ní, tó fara kọ́ra, òrùlé kan ló bò wọ́n. Òun ka ìwé náà, òun sì mọ̀ nínú ara òun pé kò sẹ́ni tó ń yin ènìyàn báyẹn ní gbogbo agbègbè yìí, àmọ́ òun ní bóyá obìnrin yìí jẹ́ aláàánú ni. Trent wọ ọ̀kan. Ó fa igi àjà yọ, ó fi dáná, títí òrùlé fi tẹ̀ sílẹ̀ lórí ilé méjèèjì. Òun ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ò lè kọ́ òrùlé tuntun. Òun ta méjèèjì. Ẹni tó ń gbé èkejì, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ọkùnrin náà àti ọmọ rẹ̀ ló bọ́ síta.

"Dean ni," Glenys sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Dean ni."

Ojú ti Glenys débi pé ó dìde dúró, bí ẹni tí wọ́n pè síwájú kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Inú ń bí mi," ni Avis wí. "Ó ṣì máa bí mi pẹ́. Ohun tó o torí ẹ̀ pè ńkọ́?"

"Dean náà ni. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín."

Glenys ń gbọ́ agogo ara ògiri lọ́hùn-ún.

"Kò burú," ni Avis wí, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, Glenys pe Brenton, ó ní òun ti yan ẹni tí òun fẹ́. Brenton bi í bí ọkọ̀ ọkùnrin náà ṣe rí. Glenys ní ọkọ̀ rẹ̀ dà bí ilé adìyẹ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe Dean. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó gbé tíì fún un, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kó mú kọ́kọ́rọ́ náà láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Glenys ò ju ọdún méjì lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

"Dean, ìwé tó gbé Trent Hadlow dé Burra, èmi ni mo kọ ọ́. Mo mọ irú ẹni tó jẹ́ kí n tó kọ ọ́. Bí o kò bá fẹ́ ilé mi mọ́, mi ò ní bá ẹ jà."

Dean ò gbójú sókè kúrò lórí tíì rẹ̀.

"Mo mọ̀, Mísíìsì Penhale," ó ní. "Mísíìsì Nankivell fún mi ní ìwé náà lọ́jọ́ tí mò ń kó ẹrù. Àdírẹ́sì yín ló wà lókè. Mo ní ẹni tó lé Hadlow jáde, ó gbọ́dọ̀ ní ilé kan tó ṣófo. Àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń jẹ páì ní ilé búrẹ́dì yẹn, tí mò ń bi wọ́n nípa yín."

Gbogbo ìgbà tí Glenys fi ń yọjú wo inú ọkọ̀ àwọn ènìyàn, ẹnì kan ti ń yọjú wo tirẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kọ̀. Ó bi í kí ni wọ́n sọ.

"Wọ́n ní ẹ ò burú." Dean na ọwọ́, ó mú kọ́kọ́rọ́. "Èmi fúnra mi ò tíì lè sọ. Ó di ìgbà tí a bá ti jọ gbé."

Glenys sìn ín dé ìdí ọkọ̀, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Ọmọbìnrin náà ti di ajá mú lẹ́sẹ̀ iwájú méjèèjì, ó ń gbìyànjú láti gbé e sókè. Láàárín èèpo bálì àti ife tíì, Glenys rí bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, ó sì dá lẹ́tà ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ó bẹ Dean pé kó jọ̀ọ́ kó fún òun ní ìwé náà, kí òun lọ sun ún.

Dean ò fún un. Ó mú bébà náà, ó tẹ ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì fi í sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ìwé ẹ̀rí tiyín nìyẹn."