Ọjọ́ Tí Alájì Bushta Kò Ná Ọjà

Ọjọ́ tí olóògbé Alájì Bushta san iye tí Maati pe sálúbàtà láìná an, Maati tó ń rán bàtà kò lè jẹun ọ̀sán. Ta ni kò mọ Bushta ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì? Yóò bú ọjà, yóò kẹ̀yìn sí ọlọ́jà bí ẹni tó ń lọ, títí wọn yóò fi pè é padà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ra ìbaaka rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ó ní etí rẹ̀ ti gùn jù.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti ń bá Maati jà lórí bàtà mìíràn. Ó ní láàárọ̀ bàtà náà ń gba ẹsẹ̀ òun, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á ti fún pinpin. Maati fẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u.

Bushta bi í pé, "Awọ ewúrẹ́ rẹ yìí, àbí ewúrẹ́ náà ò tíì kú ni?"

A rẹ́rìn-ín débi pé kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í kí ènìyàn wá ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan bó ti ń gun òkè àdúgbò wa, ó ń béèrè àlàáfíà ìyá àti ọmọ. A ní Mẹ́kà ti tún un ṣe. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló sì fi ń sùn, ó ní bí ọba ṣe ń sùn nìyẹn.

Ìgbà tó wá ra sálúbàtà tó fẹ̀ ju bàtà yẹn lọ, Maati pè é ní iye gọbọi, kí àyè lè wà fún ìjà. Bushta jókòó, ó kó owó sílẹ̀.

"Alájì, ẹ ò ná an ni?"

"Maati, èémí tí màá fi ná an ni ò sí."

Maati fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, ó sáré pe Lalla Zuhur, ìyàwó Bushta. Obìnrin náà fi ìka tẹ ojúgun ọkọ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò padà. Ó gbé e gun ìbaaka, ó di ọsibítù lẹ́yìn odi ìlú.

Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kì í ṣàwàdà, ní ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri mọ́, omi wá ń jókòó sí ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Bàtà tó ń fún, èémí tó ń já, ìrọ̀rí tó ń pọ̀, ọkàn ló ń ránṣẹ́. Ó ní ọpẹ́ ni pé wọ́n tètè dé. Ó fún un lóògùn, ó sì ní kó jáwọ́ nínú ẹran oníyọ̀.

Bushta ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa jẹ ìdajì. Dókítà kọ̀. Bushta dìde, ó kẹ̀yìn sí i, ó rọra ń lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Dókítà pe aláìsàn tó kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá jókòó.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi tún ń gun òkè láìdúró, láìkí ẹnikẹ́ni. Inú gbogbo àdúgbò dùn pé ó ti padà di aláìlọ́yàyà.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò lẹ́yìn ìyẹn. Àìsàn là á wò, a kì í rí t'ọlọ́jọ́ ṣe. Ó di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ó sì sun oorun àsùnlọ lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Nígbà tí a lọ bá wọn kẹ́dùn, Maati ń sunkún bí ọmọdé. Lalla Zuhur fọwọ́ kàn án léjìká.

"Má sunkún bíi pé wọ́n rẹ́ Alájì jẹ. Iye tí ikú kọ́kọ́ pè é, ọkọ mi ò san án. Ó ná an títí ó fi gbé gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀ jó."

A bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wa.