Bí A Ṣe Fòfin De Èdè Tí A Kò Kọ́ Ẹnikẹ́ni

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kẹta nínú táàmù kejì, ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí pé ó ṣì wà lórí fóònù mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kejì ní gírámà, níbi tí mo ti jẹ́ tísà kíláàsì, mò ń retí kí àwọn ọmọ gbálẹ̀ tán kí n lè pe orúkọ wọn. Ìgbà náà ni ẹnì kan fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù àwọn òbí. Èmi kì í ṣe òbí. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì fi mí síbẹ̀ kí n lè máa fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́.

Ohùn náà ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ kò dárúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dárúkọ Ọlọ́run lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì, àwọn tísà ti ń fi èdè tuntun kan kọ́ ọmọ, tí ọmọ kò fi ní mọ̀ mọ́ bóyá ọkùnrin ni òun tàbí obìnrin. Ó ní ìjọba ibẹ̀ ti figbe ta. Ó ní nǹkan náà ti wọ Nàìjíríà, àti pé ẹnubodè ló gbà wọlé. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ ibi tó ti rí ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí agogo oúnjẹ máa fi lù, alága ẹgbẹ́ òbí àti tísà ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹnì kan ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin òbí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Ọmọ mi ọkùnrin délé, ó ní Mọ̀síọ̀ ní kí òun gbálẹ̀ kíláàsì. Ẹ ti rí i báyìí."

Ẹnì kan béèrè pé, "Alága, ṣé Sípáníìṣì ni Mọ̀síọ̀ ń kọ́ wọn ni?"

Alága dáhùn pé, "Faransé, Sípáníìṣì, ọmọ ìyá ni wọ́n."

Nínú gbogbo ohun tó kọ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ló tọ̀nà, torí inú èdè àtijọ́ kan náà ni méjèèjì ti wá, kò sì mọ̀.

Mọ̀síọ̀ ni a ń pe tísà Faransé wa. Ọmọ Àjàṣẹ́ ní òdì kejì ẹnubodè ni, Gun ni èdè ìyá rẹ̀, ó sì gba yàrá kan ní Ajídò nítòsí wa, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè kan náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì karùn-ún ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa. Nítorí pé ọmọ tísà ni, kì í san owó ilé ẹ̀kọ́. Ó máa ṣe ìdánwò àtiwọ gírámà lọ́dún yìí kan náà. Tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ bàbá, àyè ọmọ náà ti lọ nìyẹn. Gbogbo wa nínú yàrá tísà la mọ èyí.

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ náà kò le. Orí iyanrìn ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Iyanrìn ń bá afẹ́fẹ́ òkun wọlé, ó sì ń bá ẹsẹ̀ àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù kí agogo tó lù wọlé. Ọmọ méjìlélógún ló wà ní kíláàsì mi: ọmọkùnrin méjìdínlógún, ọmọbìnrin mẹ́rin. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, àwọn mẹ́rin yìí ló ń fi ọwọ̀ àgbọn kó iyanrìn gbogbo kíláàsì jáde láràárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin a dúró sẹ́yìn fèrèsé, wọn a máa sọ fún wọn ibi tí kò mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn náà: gígé koríko. Mo yẹ àyíká ilé ẹ̀kọ́ wò dáadáa nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn. Koríko kan kò sí níbẹ̀ tí ewúrẹ́ lè jẹ.

Faransé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mọ̀síọ̀ rí i pé òun máa ń kọ́ni fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yìí tó wọlé láti ibi tí wọ́n ti lọ fọ eruku ẹsẹ̀ wọn. Kí ohùn yẹn tó dé rárá, ó mú ìwé orúkọ, ó pín gbogbo kíláàsì ní mẹ́rin mẹ́rin bí orúkọ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ó kọ ọ́ sínú páálí kan, ó sì mú un wá bá mi.

Ó ní, "Tísà, wò ó. Ṣé ó dára?"

Mo wò ó. Mo ṣírò rẹ̀. Orúkọ méjì ṣẹ́kù. Mo ní kó fi wọ́n kún ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn. Ó fi wọ́n kún un. Èmi ni mo fi gúlúù lẹ páálí náà mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn tí ohùn yẹn dé, mo lọ ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Nínú Sípáníìṣì, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ènìyàn sábà máa ń fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Tí kíláàsì bá kún fún ọmọbìnrin, tí ọmọkùnrin kan ṣoṣo wà láàárín wọn, bí a ṣe ń kí ọkùnrin ni wọ́n máa fi kí gbogbo wọn. Àwọn kan ní èyí kò dára, wọ́n sì dá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ tó gba gbogbo ènìyàn. Àwọn mìíràn ní ìyẹn ń ba èdè jẹ́, ó sì ń dá ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà láàmú. Ìjọba ìlú kan níbẹ̀ ti ní kí tísà má lò ó ní kíláàsì. Ibòmíràn fàyè gbà á. Ohun tí ìhà méjèèjì ń sọ yé mi. Ní gbogbo ohun tí mo kà, n kò rí ibi tí ọmọ kankan ti gbàgbé ohun tí òun jẹ́. N kò sì rí ọwọ̀.

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì ní Sátidé, aago mẹ́wàá. Ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tí ariwo kì í bá lára mu, sọ fún Mọ̀síọ̀ pé kó dúró sílé kí ọkàn àwọn òbí lè balẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìpàdé.

Alága dìde. Ó ní, "Èdè tiwa kò ní wàhálà yìí! 'Ó' la fi ń pe ọkùnrin, 'ó' la fi ń pe obìnrin. Àwọn bàbá ńlá wa ti parí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di pé òyìnbó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Ajídò, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́rin mi, sọ láti ẹ̀yìn pé, "Gun náà bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ jókòó."

"N ò tíì dìde, Alága."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá dìde wàyí. Ó ní, "Ovi ṣie, ọmọ mi, òun ló máa ń pẹ́ wọ Faransé tẹ́lẹ̀ nítorí ilẹ̀ tó ń gbá. Látìgbà tí Mọ̀síọ̀ ti pín in, kì í pẹ́ mọ́. Ṣé ìyẹn la ń pè ní Sípáníìṣì?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ àgbáyé la ń sọ níbí."

"Ilẹ̀ kíláàsì kò sí nínú àgbáyé ni?"

Alága ní ó kàn kí àwọn bàbá sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ọ̀kan ní ọmọkùnrin tó bá gbálẹ̀ lónìí, aṣọ obìnrin ló máa wọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ béèrè bóyá òun kò gbá yàrá ara rẹ̀ rí nígbà tó wà ní àpọ́n, ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Níkẹyìn, alága ní kí a dìbò, gbogbo ọwọ́ sì lọ sókè. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́: a kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan ní Sípáníìṣì ní ilé ẹ̀kọ́ yìí láéláé. Kò sí tísà Sípáníìṣì lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìwé rẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn kò lè fi í kí ènìyàn káàárọ̀. A fòfin dè é, a pàtẹ́wọ́.

Wọ́n wá yan ẹni mẹ́ta láti yẹ iṣẹ́ Mọ̀síọ̀ wò: alága, ọ̀gá àgbà, àti èmi, nítorí pé mo ti ṣe Faransé díẹ̀ ní yunifásítì.

Ní ọjọ́ Ajé, a jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà pẹ̀lú ìwé méjìlélógún níwájú wa. Alága wọ awò ojú. Ó ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá eegun nínú ẹja. Ó dúró síbi àwòrán kan.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀yà ara ni sà. Orí, ọrùn, apá, ẹsẹ̀."

"Mo rí i. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Ọ̀pá márùn-ún àti róbótó kan ni ọmọ náà yà. Mo wò ó fínnífínní kí n tó dáhùn. "Kò hàn, sà."

"Áà! Kò hàn! Kọ ọ́ sílẹ̀."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwòrán bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wọn, tí alága fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí pé kí a rà. Ìròyìn mi jẹ́ ojú ìwé mẹ́rin. Mo to gbogbo ẹ̀sùn lẹ́sẹẹsẹ, mo sì kọ ohun tí a rí sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè tuntun: a kò rí i. Sípáníìṣì: a kò rí i. Ẹ̀kọ́ tó lòdì sí ìwé ìlànà: a kò rí i. Mo fi í lé alága lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ní ọjọ́ kejì. Kò ṣí i. Ó gbé e sórí tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ lé e.

"Tísà ìṣirò, gírámà pọ̀ nínú nǹkan tó o kọ. Ìbéèrè méjì péré ni tèmi. Ṣé àwọn ọmọkùnrin ń gbálẹ̀, àbí wọn ò gbálẹ̀?"

"Wọ́n ń gbálẹ̀, sà, ṣùgbọ́n ìdí tí..."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìdí. Ta ló kọ lísìtì yẹn?"

"Mọ̀síọ̀ ló kọ ọ́, sà."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà nínú páálí náà. Alága kò bi mí ta ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò bi mí ta ni tísà kíláàsì tó ní òun gbà. Mo máa ń dáhùn ohun tí wọ́n bá bi mí, n kì í fi kún un. Mo ti máa ń rò pé ìwà tó dára ni. Ọ̀gá àgbà, tó mọ ẹni tó lẹ̀ ẹ́, yí ojú sí fèrèsé. Nínú wa mẹ́ta, alága nìkan ló gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Mọ̀síọ̀ bá mi lábẹ́ igi àgbọn tí a máa ń dúró sí lásìkò oúnjẹ. Ó bi mí pé, "Kí lo kọ nípa mi?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ìbéèrè méjèèjì fún un pẹ̀lú, àti ìdáhùn mi.

"Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀?"

"Òótọ́ ni."

"Ó dáa," ló wí. Ó gbọn iyanrìn kúrò nínú sálúbàtà rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì padà sí kíláàsì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ìwé kan wà lójú pátákó yàrá tísà pé a ti dá Faransé dúró títí di ìgbà tí a bá tún kéde. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Mọ̀síọ̀ ti kó ìwé rẹ̀ lọ kí n tó dé.

Ìyá tó ń yan ẹja wá sí ẹnu géètì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò bi mí nípa Mọ̀síọ̀. Ó ní, "Tísà, ta ló ń gbálẹ̀ báyìí?" Mo ní wọ́n ti pàṣẹ pé kí a dá a padà sí bó ṣe wà. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Wọ́n pàṣẹ. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Àwọn kan ní Mọ̀síọ̀ ti rí iṣẹ́ ní Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nubodè. Àwọn kan ní ó ti padà sí Àjàṣẹ́, àti pé ọmọ náà kò ní ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. N kò lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Mo lọ sí yàrá rẹ̀ ní Ajídò lẹ́ẹ̀kan. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sórí orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Faransé ṣì wà lójú táímù-tábìlì wa, nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí pa á rẹ́.

Mo sì mọ èyí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Páálí náà kò sí lára ògiri mọ́. Èmi ni mo ṣí i kúrò. Mo ka àwọn tó ń gbálẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n, ọmọbìnrin ni gbogbo wọn. Agogo lù, wọn kò tíì gbá a tán.