Omi Tí Ó Hu Koríko ní Ìbarà

Wolé-wolé so okùn mọ́ abọ́ tánganran funfun kan, ó sọ ọ́ sínú omi, abọ́ náà kò tíì rì tó igbọ̀nwọ́ kan tí a kò fi rí i mọ́. Omi náà ti di àwọ̀ ewé, ó ki bí ọbẹ̀. Ọkùnrin náà fa abọ́ jáde, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó ní, "Ta ni olórí ilé yìí?"

A ti sin olórí ilé náà.

Ìbarà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun wa ti Bọ́mà dé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó lọ sí ogun náà, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó dé tí ó di agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́, ó gbẹ́ kòtò gígùn kan sí ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó fi omi ẹ̀rọ kún un. "Odò ilé" ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ní àràárọ̀ ni ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti etí kan dé ìkejì kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, tí ó bá sì jáde, yóò bu ìyẹ̀fun funfun kan tí ó ń ta ni nímú sínú omi, kí omi má baà bàjẹ́.

"Tí mo bá ti gbọ́ tí ó ń fẹsẹ̀ gba omi," ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi, "ìgbà yẹn ni mo máa ń gbé omi ẹ̀kọ kaná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó jáde nínú omi, ó ní òtútù ń mú òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́. Dókítà ní òtútù àyà ni.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Èkó ni mo wà nígbà náà. Mo wọ lọ́rì, mo sọ̀kalẹ̀ ní Kútọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ẹní nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Mo ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Bí ó ṣe ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn nìyẹn. Kò sunkún. Èmi náà kò sunkún. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́.

Ìyá wa, tí ó jẹ́ aláró ní Ìtòkú, ti wá dúró tì í. Òun ni ó rẹ aṣọ ọ̀fọ̀ náà láró. Àwọn tí ó ń kí wa ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sì sí ẹni tí ó rántí ìyẹ̀fun funfun. Omi ẹ̀yìn ilé kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé láti ara ògiri. Ìyá mi ṣe é bí a ti ń ṣe omi àmù: ó di álọ́ọ̀mù sínú aṣọ, ó fi rò ó yí ká. Ẹrẹ̀ rì sísàlẹ̀, àwọ̀ ewé kò kúrò. Ògiri sì ń yọ̀ bí ilá. Ó wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá a lò. Ó sẹ́ omi eérú, irú èyí tí àwọn aláró fi ń po aró, tí wọ́n sì fi ń fọ ìkòkò wọn. Ó dà á sára ògiri, ó fi ìgbálẹ̀ gbo ó kárí, gbogbo rẹ̀ sì ṣàn wọ inú omi. Ọjọ́ náà, ògiri mọ́. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, omi náà ti ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ náà, obìnrin oníṣòwò kan tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó wo omi, ó kọjú sí ìyá mi.

"Àna mi, ẹ kú ilé. Aró ni èyí."

"Àna mi, ẹ káàbọ̀. Kì í ṣe aró."

"Ta ni ó rẹ aṣọ opó? Níbo lẹ ti ṣàn án? Ẹ ti sọ odò àbúrò mi di ìkòkò aró!"

"Tí aró mi bá pọ̀ tó báyìí, àna mi, gbogbo Ìtòkú ni ìbá ti tò síbí pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Mi ò kì í rẹ aṣọ fún ọ̀pọ̀lọ́."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún gèlè rẹ̀ wé dípò bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Omi yìí ló pa á. Ẹ dà á nù, kí wọ́n dí kòtò yẹn pa."

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ẹ má dà á nù."

"Kí ló dé?"

"Òun ni omi tí ó lúwẹ̀ẹ́ kẹ́yìn."

Bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán ni ó ṣe sọ ọ́.

Ìyá mi wọlé, ó ya aṣọ funfun kan, ó rì í sínú omi náà, ó fi í sílẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ó fà á jáde, aṣọ náà ti ní àwọ̀ ewé lára. Ó fi omi ẹ̀rọ ṣàn án lójú gbogbo wa, ó sì funfun padà.

"Aró kì í lọ báyìí," ni ó wí. "Aró á dúró."

"Kí wá ni?"

"N kò mọ̀."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wí. "Wolé-wolé á mọ̀." Òun ni ó lọ pè é.

Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe dé pẹ̀lú ṣòkòtò kaakí àti kẹ̀kẹ́, tí ó béèrè abọ́ funfun ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn abọ́, ó bu omi náà sínú ife onígíláàsì, ó gbé e sójú oòrùn. Tanwíji ń jó nínú rẹ̀. Nígbà tí omi ife náà dúró, ohun tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara rẹ̀ jọ lọ sókè bí ìyẹ̀fun.

"Koríko ni," ó ní. "Koríko wẹ́wẹ́ tí kò ní gbòǹgbò. Oòrùn àti omi tí kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Kí lẹ ti dà síbẹ̀?"

Ìyá mi sọ fún un.

"Eérú! Mama, ajílẹ̀ lẹ bù fún un. Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ!"

Ìyá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Eérú ni a fi ń fọ gbogbo nǹkan," ni ó wí, kò sì kọjú sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní kí wolé-wolé pàṣẹ kí wọ́n dí i. Wolé-wolé wo ẹ̀gbọ́n mi nínú aṣọ ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó ní tanwíji nìkan tó láti gbé wa lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n òun máa kọ́kọ́ gbìyànjú ohun kan. Ó padà wá pẹ̀lú òkúta búlúù tí ó ń dán bí gíláàsì, oògùn tí ó ń pa koríko omi. Ó dì í sínú àpò, ó so okùn mọ́ ọn, èmi àti òun sì ń wọ́ ọ láti etí kan dé ìkejì títí ó fi yọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó ń wo àpò náà bí ó ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. N kò mọ ohun tí ó ń rò. N kò bi í.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, koríko náà di àwọ̀ eérú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Nígbà tí wolé-wolé padà wá tí ó tún ju abọ́ náà sínú omi, a rí i títí dé ìsàlẹ̀.

"Ṣé ó ti dáa?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ó béèrè ohun tí kì í ṣe ti oúnjẹ.

"Koríko ti kú, ìyá," ọkùnrin náà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó máa jẹrà. Kò lè dúró bẹ́ẹ̀."

Ó wá sọ bí ó ṣe máa rí. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ méjì yóò wá pẹ̀lú korobá, wọ́n á gbọ́n gbogbo omi náà sínú gọ́tà, wọ́n á gbo ilẹ̀ rẹ̀, láìsí eérú. Bí a bá fẹ́ tún un kún, kí á máa bu ìyẹ̀fun funfun sí i lójoojúmọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ dí i.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu ìkòkò kan nínú omi náà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wọlé lọ, ó gbé ìkòkò jáde fúnra rẹ̀.

Wolé-wolé ti di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú. "Ẹ lè bù ú," ó ní. "Òkúta búlúù wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún. Kí ẹ sì dé e, kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Mo máa padà wá wò ó. Tí mo bá bá a ní ṣíṣí, màá fọ́ ọ."