Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyá Mi Gba Ọjà'ba Kọjá

Nǹkan méjì ló ń dún nílé wa ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn: aago bàbá mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi. Aago náà wà lára ògiri ní pálọ̀, bàbá mi nìkan ló sì lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní yàrá ìyá mi, lórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ ni a fi ń yí i, kò ní ẹsẹ̀ bí àwọn tó dé lẹ́yìn ìgbà náà. Ó dúdú, ó ń dán, wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya òdòdó sí i lára, ó sì ní ìdérí pákó tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mo máa ń mọ ohun tí ìyá mi ń rán láti ara ìró rẹ̀. Bó bá ń sáré lọ geere, aṣọ ìró obìnrin ni, tàbí aṣọ ìbora. Bó bá ń lọ díẹ̀ tó ń dúró díẹ̀, ọrùn bùbá ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Àwọn tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, mi ò mọ agboolé tí wọ́n gbé. Tiwa kò dákẹ́ rí. Ewúrẹ́ ń ké, ọmọdé ń jà, àwọn ìyàwó ilé ń gún nǹkan lódó, Òkè Màpó sì wà lókè wa, òkè lásán tí wọn ò tíì kọ́ gbọ̀ngàn kankan sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti odò dé, kí n tó sọ omi kalẹ̀, ìró ẹ̀rọ yẹn ni etí mi máa ń wá. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ìyá mi wà nílé nìyẹn, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Tíṣà ni bàbá mi, ní ilé ìwé ìjọ. Ìyá mi wá láti ìdílé Mùsùlùmí kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ra, ó ń bá bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ orin kọ ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Àmọ́ bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni aṣọ gbogbo àbúrò rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọn ń bọ̀. Bàbá mi kì í sọ nǹkan kan sí i. Ẹran Iléyá tí wọ́n bá gbé wá fún wa, òun náà ń jẹ ẹ́, ó sì ń fọ́ eegun rẹ̀.

Lọ́dún kan, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀, ìyá mi kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí aṣọ kò tíì parí. Nígbà tí èmi àti bàbá mi ń bọ̀, alàgbà ìjọ kan ń bá wa bọ̀. Láti òpópónà ni a ti ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Alàgbà náà kàn wo bàbá mi. Ì bá sàn kó bú u.

Bàbá mi wọlé, ó fa aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ jáde, ó gbé ìdérí lé ẹ̀rọ, ó tì í pa, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ọjọ́ Olúwa ni òní," ló wí.

"Mo mọ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Ọ̀la sì ni Iléyá. Ọwọ́ aṣọ nìkan ló kù, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Tílẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí o parí ẹ̀."

"Lọ́la? Ṣé ìhòòhò ni kí àwọn ọmọ fi lọ kírun ni?"

Bàbá mi ti jáde sí pálọ̀. Ìyá mi kó aṣọ náà sínú igbá, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó gbé igbá rù. Ó ní òun ń lọ fi ọwọ́ rán an parí nílé bàbá òun, kí n máa gbọ́ràn sí ìyá àgbà lẹ́nu. Mo rò pé bí Iléyá bá ti kọjá, yóò padà. Iléyá kọjá, a ò rí i.

Ìyá bàbá mi ni ìyá àgbà. Òun ló rí mi níbi tí mo ti ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fà mí lọ sí yàrá ìyá mi, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

"Ṣó o rí i? Obìnrin tẹ́rù ẹ̀ bá ṣì wà nílé ọkọ, kò tíì lọ. Inú ló ń bí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́rù ẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ yẹn ni kó o sunkún."

Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà wa rí. Obìnrin lè fi ìbínú wà nílé bàbá rẹ̀ títí, kí ọkọ sì máa pè é ní aya, níwọ̀n ìgbà tí ẹrù rẹ̀ kò tíì jáde. Bí ó bá ti jáde, bóyá ìdílé obìnrin ló wá gbé e tàbí ìdílé ọkọ ló dá a padà, ó parí. Nítorí náà ni mo ṣe di olùṣọ́ ẹ̀rọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà, kí ìyá mi padà wá, ẹ̀rọ yẹn ló sì dà bí ohun ìdógò tí ó fi sílẹ̀ fún mi. Mo ń jí wò ó láàárọ̀. Mo máa ń fi imú kan aṣọ tó wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òórùn ìyá mi wà lára wọn.

Bàbá mi ti ṣí ìdérí náà láti ọjọ́ kejì Iléyá. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé orí ẹ̀rọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé àforíjì ló ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ irin?

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí wa. Bí o bá gbé iyán kúrò ní Bẹẹrẹ, kò ní tutù kí o tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ìyá àgbà ní kí n má lọ, ó ní ọmọ tó bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé méjì ló ń dá kún ìjà. Mo gbọ́ràn. Aago nìkan ló wá kù tó ń dún nílé, mo sì kórìíra rẹ̀ débi pé bí ó bá ti ń lù, màá di etí mi.

Ọyẹ́ ti dé kí àwọn àgbà ilé tó rí bàbá mi sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fọ̀bẹ bù ú. Jẹ́ ká lọ bá ọ bẹ̀ wọ́n." Bàbá mi gbà. Wọ́n fi lílọ sí ọjọ́ Sátidé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń fi ìka ka ọjọ́.

Inú ìyá àgbà dùn ju tèmi lọ. Ó gbá yàrá ìyá mi, ó fi ẹ̀bọ́tọ́, ìgbẹ́ màlúù, pa ilẹ̀ rẹ̀, ó sá ẹní sóòrùn. Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹ̀rọ. Ọyẹ́ ti da eruku sí i, ó sì ń dún kíkankíkan bí a bá yí i. Ìyá àgbà lọ gbé ìgò àdín rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ìyá àgbà ṣe rí pẹ̀lú àdín. Gìrì, ikọ́, ara yíyún, etí dídùn, kò sí èyí tí àdín rẹ̀ kò kápá. Gbogbo ihò tó rí lára ẹ̀rọ ló ro àdín sí, ó sì fi ìyókù nù ún lára. Lọ́sàn-án yẹn, ẹ̀rọ náà yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá àgbà jó díẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹn ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọyẹ́ mú burúkú. Mo lọ yí ẹ̀rọ wò, kò yí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí i, kò mira. Àdín ti dì sínú rẹ̀, ó funfun báláú, bó ti dì sínú ìgò lórí pẹpẹ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé àdín ń dì lásìkò ọyẹ́, kò kàn sí ẹni tó rò ó mọ́ ẹ̀rọ ni. Bí a bá ti gbé e sóòrùn ni, ì bá ti yọ́. Ṣùgbọ́n àyà ìyá àgbà ti já. Ó ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ bá òkú ẹ̀rọ nílé.

Bàbá mi ti lọ sí ilé ìwé. Ìyá àgbà kò sọ fún ẹnì kankan. Ó pe géńdé kan nínú àwọn ọmọ ilé, ó ní kó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ àti àtùpà ṣe ní Ọjà'ba. Kí eruku má baà tún bà á jẹ́, ó mú aṣọ òkè ìyá mi nínú àpótí, ó fi wé e. Géńdé gbé e rù, ó ṣáájú. Ìyá àgbà tẹ̀lé e. Èmi ru ìdérí pákó lẹ́yìn wọn, mò ń sunkún, nítorí mo rò pé ẹ̀rọ ìyá mi ti kú.

Ẹ wò wá lójú ọ̀nà ní ọ̀sán gangan: ẹrù obìnrin nínú aṣọ rẹ̀, ìyá ọkọ lẹ́yìn ẹrù, ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá ọkọ. Kò sí ẹni tó bi wá léèrè ohunkóhun. Àwọn èèyàn kàn ń yà fún wa lọ́nà ni. "Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá," ni wọ́n ń wí. Ìyá àgbà ń dá wọn lóhùn tayọ̀tayọ̀, ó rò pé tìtorí eruku ọyẹ́ ni wọ́n ṣe ń kí òun.

Ìyá kan wà ní Ọjà'ba tó ń ta ọṣẹ, àbúrò bàbá ìyá mi ni. Mo rí i tó dìde dúró, tó wo aṣọ òkè náà títí a fi kọjá. Kò kí wa. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ń kó ọjà rẹ̀ nílẹ̀.

Ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tú u, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ̀rọ kì í ní gìrì o." Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi òróró ẹ̀rọ sí i. Kí oòrùn tó wọ̀ a ti gbé e padà sílé, ó ń dún bí ó ti ń dún nígbà tí ìyá mi wà nílé. Ìyá àgbà ní kí n má sọ fún bàbá mi, kó má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Sátidé, àwọn àgbà lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti máa wò ó bí ìyá mi yóò ṣe máa bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọn ò pẹ́ rárá tí wọ́n fi dé, kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn wọn. Ìbínú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá wọlé. Ó ní bàbá ìyá mi kò fi omi lọ àwọn. Bàbá ìyá mi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n dá ẹrù ọmọ òun padà lójú ọjà, tí wọ́n sì tún wá ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n sì búra pé ẹrù kankan kò jáde. Nígbà náà ni ìyá ọlọ́ṣẹ dìde láàárín ilé, ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Báyìí ni wọ́n ṣe di òpùrọ́ lójú àna wọn.

Ìyá àgbà ká ọwọ́ lérí. Kò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti forí lé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó lọ kúnlẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní ìyá mi gbé òun dìde, ó sì gba òun gbọ́. Ó wá kọjú sí bàbá mi.

"Ó ní èmi tí mo ro àdín sí i ti wá. Ó ní ẹni tó tì í pa ńkọ́?"

Bàbá mi dìde. Ó wọ yàrá, ó wọ agbádá rẹ̀, ó dé fìlà. Mo sáré bọ́ síta láti ṣí ọ̀nà fún un. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tí mo yọjú wò ó, ó ti bọ́ agbádá, ó ti ká a sórí àga. Ó ní ọkọ kì í fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà ló ń lọ, wọ́n sì ti lọ. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́. Mo ti darúgbó báyìí, inú òótọ́ yẹn ṣì ń bí mi.

Àwọn ará ilé ìyá mi wá gbé ẹrù nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀. Ẹ̀rọ tún gba Ọjà'ba kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí tó ń lọ lóòótọ́, kò sí ẹni tó wò ó.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbà mí láyè láti máa lọ kí ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ó dì mọ́ mi, ó gbà mí mọ́ra pẹ́. Ó wọn ara mi, ó rán kaba fún mi kí n tó jẹun tán. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, ó tú irun mi, ó tún un dì. Kò dárúkọ bàbá mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó jẹ́ ká jọ máa lọ, ṣùgbọ́n àwo tí mo fi jẹun ni mo lọ fọ̀.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó sìn mí dé àdúgbò Ọ̀rányàn, ó dúró. Ó tún ọrùn kaba mi ṣe. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sọ fún mi rí láti ọjọ́ tó ti bí mi, ohun tí à ń sọ fún àlejò tó ń padà sílé rẹ̀.

"Bá mi kí wọn nílé o."

Wọ́n kọ́ mi dáadáa, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Wọ́n á gbọ́."