Fọ́tò Tí Ìyàwó Mi Ní Kí A Fà Ya

Ìyàwó mi kì í fọ fọ́tò ẹyọ kan. Méjì ni yóò ní kí onífọ́tò fọ̀: ọ̀kan fún álíbọ́ọ̀mù wa ní Ìlọrin, ọ̀kan fún ti ìyá rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Fíìmù yóò sì wà lọ́dọ̀ onífọ́tò fúnra rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ jóná nígbà tí ó wà ní kékeré, fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá náà yà nígbà ayé rẹ̀ sì jóná mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni kò ti fẹ́ kí ohunkóhun wà níbì kan ṣoṣo.

Ní gbogbo Kérésìmesì, a máa ń gbé álíbọ́ọ̀mù tiwa dání lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Òun àti ìyá rẹ̀ yóò jókòó sórí ẹní, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀ lórí itan, wọn yóò máa ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá méjèèjì bára mu.

“Màmá, ojú ìwé kẹrin. Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ dúró bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.”

“Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọkọ rẹ nìkan. Òun ni ọlọ́pàá mú kẹ́yìn.”

Èmi yóò wà lórí àga, n óò máa ka ìwé ìròyìn, n óò ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Bí fọ́tò kan bá wà lọ́wọ́ ọ̀kan tí kò sí lọ́wọ́ èkejì, ìyàwó mi yóò kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Bí a bá ti padà dé Ìlọrin, ọ̀dọ̀ onífọ́tò ni yóò kọ́kọ́ lọ. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ó yẹ kí ìjọba gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ tíṣà, kí wọ́n fi í ṣe ayẹ̀wé-owó-wò.

Onífọ́tò wa jẹ́ bàbá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Àfáà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì bí ọmọ, a sì lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ ní Òkè-Oyi, níbi tí wọ́n ti ń dáko. Àfáà bá wa lọ. Wọ́n so àgbò tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ igi máńgòrò kan. Ìyàwó mi kọ ẹ̀yìn sí i láìmọ̀, àgbò náà sì fi ẹnu mú etí gèlè rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi fi máa yíjú padà, gèlè ti kúrò lórí. Ó wo àgbò, àgbò wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Àfáà yà á.

Nígbà tí fọ́tò dé, inú rẹ̀ kò dùn sí i.

“Gbogbo ọ̀fun mi ló hàn yìí. Kí àwọn ọmọ kíláàsì mi wá rí i.”

“Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò sí ní pálọ̀ wa.”

“Àwọn ìyá wọn ń wá.”

Mo rẹ́rìn-ín. N kò béèrè ohun tí ó ṣe sí i lẹ́yìn náà.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú ìyàwó mi lọ. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù inú fáìlì ilé ìwé rẹ̀ ni wọ́n sọ di ńlá fún ìsìnkú, nítorí òun ló kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ pa dé nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ le. A gbé e kọ́ sí pálọ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Bí mo bá di ojú, ìyàwó inú férémù yẹn nìkan ni mo ń rí. Ẹni tí mo bá gbé kò yọjú mọ́. Mo gbìyànjú láti rántí bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, n kò sì rí i mú.

N kò lè jókòó mọ́. Mo ń dìde nídìí oúnjẹ, mo ń rìn dé Ọjà-Ọba láìní ohun tí mo fẹ́ rà, mo ń padà sílé, mo tún ń jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rántí àgbò Òkè-Oyi. Mo ṣí álíbọ́ọ̀mù. Bébà kékeré mẹ́rin tí a fi ń di igun fọ́tò mú ṣì wà lójú ìwé náà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Àfáà lọ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó wá inú àwọn àpò ìwé rẹ̀ títí, ó fa fíìmù kan yọ, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Àlàfo kan wà láàárín rẹ̀. Sísáàsì ni wọ́n fi gé e.

“Ìyá àwọn ọmọ ló ní kí n gé e,” ó ní. “Mo ní kí n jù ú síbí, ó ní rárá, kí n sun ún. Ó dúró tì mí títí ó fi jóná. Lọ́lá Ọlọ́run, ọ̀gá, n kò tíì rí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹni tí ó ń fẹ́ kí ohun tí ó wà níbì kan wà níbi gbogbo, bí ó bá yọ nǹkan kúrò níbì kan, ibi gbogbo ni yóò ti yọ ọ́. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ Sátidé, mo lọ wọ ọkọ̀ Ọ̀mù-Àrán ní Ọ̀fà Garage. Ọkọ̀ kò tètè kún. Mo jókòó, mo sọ̀, mo tún wọlé.

“Bàbá, ẹ jókòó,” awakọ̀ sọ fún mi. “Ọkọ̀ kò ní fi yín sílẹ̀.”

“Ṣé ó máa kún láìpẹ́?”

“Bí ẹ bá yé sọ̀, á kún. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ̀, ṣe ni èrò ń rò pé ọkọ̀ ti bàjẹ́.”

Ní Ọ̀mù-Àrán, ìyá ìyàwó mi gbé álíbọ́ọ̀mù tirẹ̀ fún mi láìbéèrè ohun tí mo ń wá. Mo ṣí ojú ìwé náà. Bébà mẹ́rin, àlàfo kan. Mo pa á dé. Mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé, mo padà wá jókòó.

“Ti àgbò ni ẹ ń wá,” ìyá ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ó ní kí n fà á ya. Mo ní mo ti gbọ́.”

“Ẹ ṣeun, Màmá. Kò burú.”

“Bàbá àwọn ọmọ, mo ní mo ti gbọ́. Ṣé mo sọ fún yín pé mo ti fà á ya ni?”

Ó wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ ìró àpótí aṣọ tí ó ń ṣí. Ó mú áńkáṣífù funfun kan wá, ó ń rùn káńfọ̀, ó tú u sórí itan rẹ̀. Ìyàwó mi wà níbẹ̀, láìwé gèlè, pẹ̀lú ọ̀fun rẹ̀ tí ó hàn. Mo ti gbàgbé pé ojú rẹ̀ òsì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán bí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí.

Mo bẹ ìyá pé kí ó jẹ́ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ Àfáà, kí ó ya òmíràn láti ara rẹ̀.

“Rárá o. Irọ́ tí mo pa fún ọmọ mi kò ní kúrò nínú ilé yìí. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ wá. Bí ẹ bá mú un lọ, mo mọ̀ pé ẹ ò ní padà wá.”

Òótọ́ ni ó sọ. Láti ọjọ́ náà, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, mo ń lọ. Yóò tú áńkáṣífù, n óò wò ó, a óò jẹun, n óò padà. Láàárín oṣù, ojú náà dúró tì mí. Nígbà tí ó bá tún fẹ́ sá lọ, oṣù á ti máa parí lọ.

Nígbà tí ìyá náà kú, áńkáṣífù yẹn di tèmi. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi fi fóònù ya fọ́tò náà. Ó ní gbogbo fọ́tò wa ni òun ti ń kó lọ sí ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èmi, òun àti àbúrò rẹ̀ lè máa wò, níbikíbi tí a bá wà. Mo bi í bóyá ti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bára mu.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Ohun tí ẹ bá yọ lórí tiyín, á kúrò lórí tiwa náà. Àfi èyí tí ẹ bá dìídì fi pamọ́ sínú fóònù yín. Ìyẹn kò tilẹ̀ nílò nẹ́tíwọ̀kì.”

Mo ní kí ó kó ìyókù lọ. Ti àgbò, kí ó fi í sínú fóònù tèmi nìkan.

“Kí ló dé? Òun ló dára jù.”

“Ìyá rẹ ní kí a fà á ya.”

Ó wò mí, ó ṣe bí mo ṣe wí. Ó ti wà nínú fóònù mi báyìí, mo lè wò ó nígbàkigbà tí mo bá fẹ́. Síbẹ̀, bí Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù bá ti mọ́, mo máa ń wọ bàtà kí n tó rántí pé kò sí ibi tí mo ń lọ.