Ilẹ̀ Ijó Tí Ìyá Bàbá Mi Pa

"Má tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbẹ."

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá bàbá mi wà tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yí po lórí ilẹ̀, ṣàá, ṣàá, ṣàá. Òórùn ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù tá a fi ẹrẹ̀ àti omi pò, ti gba gbogbo ibẹ̀ kan. Èmi ni mo gbé igbá dání. Ẹ má rò pé yàrá wa là ń pa o. Ilé ijó tó wà lẹ́yìn agboolé wa ní Bẹẹrẹ ni.

Ilé ijó ayé ìgbà yẹn, àgbàlá ni. Wọ́n fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ kan fáwọn olórin, ojú ọ̀run ló bo ìyókù. Bó bá di Sátidé, tọkọtaya á ti Òkè Padre àti Oníyanrìn wá, bàtà wọn á máa dán. Wọ́n á jó títí ilẹ̀ á fi bó. Ìyá á sì tún un pa de Sátidé mìíràn.

Àwọn obìnrin agboolé a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá, ẹ̀yin aya ládánì, ẹ̀ ń palẹ̀ fọ́lọ́tí?" Torí bàbá bàbá mi tó ti kú ló máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò.

Ìyá á ní, "Ọwọ́ mi ló débẹ̀, ẹnu mi ò débẹ̀."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Á tún bu ẹlẹ́bọ́tọ, á máa palẹ̀ lọ. Ijó ń wù ú, èmi mọ̀. Nírọ̀lẹ́ táwọn olórin bá ń dánra wò, tá a jókòó tá à ń bó ẹ̀gúsí, mo máa ń rí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń bá gìtá lọ.

Lọ́jọ́ kan, onílé ijó wá kí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀la ni sìmẹ́ǹtì ń bọ̀. Orúnkún yín á sinmi." Ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni. Ìyá dúpẹ́. Bí ọkùnrin náà ṣe lọ tán, ó ní kí n gbé igbá, ká lọ palẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ṣebí wọ́n máa da sìmẹ́ǹtì lé e lọ́la ni."

Ó ní, "Ṣé torí pé wọ́n máa sin òkú, wọn ò wá ní í wẹ̀ ẹ́ ni?"

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tá a parí. Onígìtá kan, àgbàlagbà, nìkan ló wà lábẹ́ páànù. Ó ní, "Ìyá, látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń pa á, ẹ ò jó lórí ẹ̀ rí."

"Aya ládánì kì í jó nílé ọtí."

Bàbá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọtí ọ̀hún dà? Èmi ò kúkú rí ìgò kankan."

Ìyá fọ ọwọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró. Mo rò pé ilé là ń lọ ni. Àfi bó ṣe gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ tútù, òun tó máa ń lé adìyẹ kúrò níbẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, kò tíì gbẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Gìtá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyá jó dé àárín, ó jó bọ̀, èjìká ò mì, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lò, bí ẹni tó rọra ń wá nǹkan tó jábọ́. Nígbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, ó dúró. Ó kí onígìtá, ó wẹsẹ̀ dáadáa, ó lọ kírun. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere lórí ilẹ̀. Kò tún un pa. Orí ẹ̀ náà ni wọ́n da sìmẹ́ǹtì lé.

Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Àtàǹpàkò yẹn ni mo jogún o, kò sí ibi tí gìtá ti dún tó ń jókòó jẹ́jẹ́. Bí mo bá sì yà sí ṣọ́ọ̀bù náà, mo máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wọ bàtà yín wọlé, ilẹ̀ ti gbẹ."

Mo máa ń sọ fún un pé mo mọ̀.