Èèyàn Mélòó Ló Ń Mu Omi Nílé Yìí

Ọdún tí wọ́n bu iye owó sefa wa sí méjì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní yunifásítì. Bàbá mi, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fún àwọn ọ́fíìsì ní Plaine Orety ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù, kò rí ìdí tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi wà. Ọkàn rẹ̀ ti wà lórí pé ìṣirò owó ni mo máa kọ́, kí n lè jókòó sí báǹkì. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé bí àwọn èèyàn ṣe ń lo omi, igi àti ilẹ̀ ni à ń kọ́, àti bí ìlú ṣe lè gbèrú láì jẹ ohun tó yẹ kó kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé èèyàn ní láti dé yunifásítì kó tó mọ̀ pé omi wọ́n?"

Mi ò bá a jiyàn. Gbogbo nǹkan ló wọ́n lọ́dún náà: ẹran dídì tó ń tòkè òkun wá, oògùn, ọṣẹ, títí kan bébà tí à ń kọ̀wé sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí bàbá mi ń sọ. Mo fẹ́ mọ ìdí tí ilé kan fi ń fi omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì fọ ilẹ̀, tí ilé kejì sì ń da tiwọn nù, nígbà tó jẹ́ pé ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n. Láti kékeré ni màmá mi ti ń pè mí ní ọ̀fíntótó. Bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìsìn, ara mi kì í gbà á kí n má sún mọ́ wọn. Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti yìn mí fún ìwà yìí ni kíláàsì yẹn.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọmọ Gàbọ́ọ̀nù, ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan sọ lójú rẹ̀ pé àwọn ará àdúgbò ò mọ nǹkan kan. Á ní, "Bí o bá rí ohun tí kò yé ọ, ìwọ ni kò yé. Àwọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe." Òun ló mú iṣẹ́ àdúgbò Atong Abè wá fún wa.

Atong Abè ni àwa náà ń gbé. Onílé kan tó ní ẹ̀rọ omi lágbàlá rẹ̀ ló máa ń ta omi fún gbogbo wa ní garawa-garawa. Lẹ́yìn tí owó já, tí bíìlì omi rẹ̀ wá ga ju agbára rẹ̀ lọ, ó fi ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo ti ẹnu ẹ̀rọ náà pa, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kànga tó wà nísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan wá sọ pé àwọn máa ṣe pọ́ǹpù fún àdúgbò, ẹyọ kan péré. Ó lè wà lókè, lápá ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ àti káfíńtà. Ó sì lè wà nísàlẹ̀, létí títì. Apá tí èèyàn bá ti pọ̀ jù ni wọ́n máa gbé e sí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sì máa lọ kà wọ́n. Olùkọ́ fún mi ní òkè nítorí pé àwọn tó ń sọ Yorùbá àti Nàgó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ìwé wa nìyí: èèyàn mélòó ló ń mu omi nílé yìí? Télọ̀ ará Kútọnu tó wà ní kọ̀rọ̀ títì wa rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọlọ́run ló mọ iye wa." Díákónì obìnrin kan ní ìjọ wa, tó ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi, ní, "A pọ̀, a ò sì pọ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo ni kí n kọ sílẹ̀ nínú méjèèjì?"

Ó ní, "Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Káfíńtà kan gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló rán ẹ? La mairie ni àbí la police?" Mo ní kì í ṣe ìjọba ìlú tàbí ọlọ́pàá, yunifásítì ni. Ó ní, "Etí ọba nílé, etí ọba lóko, èèyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Lákòókò yẹn, wọ́n ń dá àwọn àjèjì dúró lójú títì láti yẹ káàdì wọn wò, ẹni tó bá sì wá ń béèrè "mélòó ni yín" kò jọ ọ̀rẹ́.

Nígbà tí mo délé ròyìn fún màmá mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Kí lo rò tẹ́lẹ̀? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọn ò kọ́ ẹ ní ìyẹn ní l'université?"

Mo ní, "Màmá, tí a ò bá kà wọ́n, ìsàlẹ̀ ni pọ́ǹpù ń lọ."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ ẹni tó rántí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni ìyá alágbàfọ̀ tó ń gbé nítòsí wa. Ará Kétu ni, lórílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú télọ̀ wa. Aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ní Plaine Orety ló ń fọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, wàá rò pé tuntun ni. Ọkọ rẹ̀ wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń gé gẹdú, owó tó ń fi ránṣẹ́ kò sì dúró déédéé mọ́. Láti ìgbà tí onílé ti ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa, láti kànga ni obìnrin yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ru omi gun òkè. Ẹ̀yìn ń dùn ún débi pé tó bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè nàró. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan wà ní Kétu lọ́dọ̀ ìyá àgbà ọmọ náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lẹ́nu ọmú nígbà tó fi í sílẹ̀ tẹ̀lé ọkọ wá sí Gàbọ́ọ̀nù, ọdún tí owó já yìí gan-an ló sì fẹ́ ránṣẹ́ mú un wá. Sefa ni wọ́n ń ná ní Kétu àti ní Libreville, ó sì já níbi méjèèjì, àmọ́ owó ọkọ̀ ojú omi ga kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Bí pọ́ǹpù bá wá sókè, iṣẹ́ rẹ̀ á fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ rẹ̀ á wá. Bí ó bá lọ sísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní lè gbé e mọ́. Gbogbo ilé tó wà lókè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, òun ló kọ̀ jù. Mo bá a nídìí báàfù, ó ń fún aṣọ. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ nílò pọ́ǹpù yìí jù, mà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kúkú sọ iye yín fún mi."

Ó fún ṣẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbọ̀n ọ́n, ó sá a. Ó ní, "Bí mo bá ka àwọn tó wà níhìn-ín, ẹnì kan ń bẹ tí mo fi sílẹ̀. Ẹnu mi kọ́ ló máa sọ ọ́."

Inú bí mi. Mo rò ó lọ́kàn mi pé agídí ni, pé obìnrin yìí máa fi àṣà dá ara rẹ̀ lóró. Mo gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn yọ sí ọ̀rọ̀ náà: mo ń béèrè iye garawa dípò iye èèyàn. Inú àwọn èèyàn dùn láti sọ̀rọ̀ garawa. Wọ́n sọ ti èyí tó ń jò, wọ́n sọ ti èyí tí aládùúgbò yá tí kò dá padà. Ṣùgbọ́n omi tí ìyá alágbàfọ̀ ń lò láàárọ̀ tó èyí tí odindi àgbàlá kan ń lò, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ẹlòmíì. Garawa ò lè sọ fún mi ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá olùkọ́. Mo rò pé ó máa bá mi wí. Ṣe ló jókòó dáadáa, tí ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní ní abúlé ìyá òun náà, wọn kì í ka ọmọ, òun ò sì rántí ìyẹn rárá nígbà tí òun ń kọ ìwé ìbéèrè náà. Ó ní òfin iṣẹ́ wa kò yí padà: àwọn tó sùn sílé náà nìkan ni ká kà. "Wá ọ̀nà mìíràn. Má parọ́, má sì dójú ti ẹnikẹ́ni."

Màmá mi ló rí ọ̀nà. Ó lọ bá ìyá alágbàfọ̀, mo sì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n lé mi padà lẹ́nu ọ̀nà, ìyà ńlá fún ọ̀fíntótó. Mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ títí di òní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ìyá alágbàfọ̀ tò wọ àgbàlá wa, kálukú pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Wọ́n kí màmá mi bó ṣe yẹ, wọ́n ní ìyá àwọn ní kí àwọn wá gba omi mu. Màmá mi bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Ó wá yé mi. Ẹnu ò ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Ojú ló rí wọn. Iye wọn? Ẹ má bi mí.

Ife méjì ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn mú dání. Ó mu omi inú ọ̀kan tán, ó wá na èkejì. "Ìyá mi ní ti àbúrò wa tó wà ní Kétu nìyí."

Màmá mi bù ú kún. Ọmọ náà ò mu ún. Ó gbé e lọ sílé, ó ń rìn jẹ́jẹ́ kó má baà dànù. Ọ̀rọ̀ tí mo pè ní agídí lọ́jọ́sí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọ̀ mí lára, ó sì dùn mí gan-an.

Ohun tó tẹ̀ lé e pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín. Bí òkè ṣe gbọ́ pé ọmọ lè wá mu omi nílé wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á, gbogbo ìyá ló bẹ̀rẹ̀ sí rán ọmọ. Díákónì rán tirẹ̀. Káfíńtà tó pè mí ní etí ọba rán tirẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun náà ń bọ̀. Ìkòkò omi wa gbẹ láàárín ìgbà tí omi ò sí. Bàbá mi, tó ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi wálé láti ibi iṣẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo èrò tó kún àgbàlá. "Ẹ̀kọ́ yín yìí ti mu omi mi tán," ó ní. Ó tún padà lọ pọn òmíràn.

Nígbà tí mo kó iṣẹ́ mi fún olùkọ́, mo kọ ọmọ Kétu náà mọ́ àwọn tó kù. Mo sọ fún un, nítorí ó ní kí n má parọ́. Ó ní ọmọ náà ò sùn síbẹ̀.

Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìdàgbàsókè tó bá máa tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ ro ti àwọn tí kò tíì dé. Nínú gbogbo àwọn tí kò tíì dé, ọmọ yìí nìkan ni mo mọ ilé rẹ̀."

Ó ní a ò lè kà á mọ́ àwọn tó sùn níbẹ̀, nítorí irọ́ nìyẹn. Àmọ́ ó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, ó sì ní kí gbogbo kíláàsì padà lọ béèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ gbogbo ilé, lókè àti nísàlẹ̀: ta lẹ̀ ń retí?

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn tí kò gbà kí n ka àwọn tó wà lójú wọn, ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀ kò tán lẹ́nu wọn. Télọ̀ ń retí àbúrò rẹ̀ tó ti kọ́ṣẹ́ tán. Káfíńtà ń retí ìyàwó rẹ̀, ó sì ṣàpèjúwe yàrá tó ti kùn sílẹ̀ dè é. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń retí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn láti ìgbèríko, tó fẹ́ wá kàwé nílùú. Gbogbo wọn ló ní ọdún yẹn ni wọn ì bá dé, ká ní owó ò já. Mo ti gbé àdúgbò yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ń rìn kiri láàárín ilé, mò ń ronú pé a lè ka owó tó já nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ta ló ń ka yàrá tí wọ́n kùn, tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí?

Ẹgbẹ́ aláàánú náà sọ fún olùkọ́ pé àwọn kì í ṣe pọ́ǹpù fún ẹni tí wọ́n ń retí. Kò burú. Àwọn tó sùn lókè nìkan ti pọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé pọ́ǹpù náà wá sókè, sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ìyá alágbàfọ̀ tó rí owó ọkọ̀ kó jọ. Ọkùnrin ará Kétu kan tó ń bọ̀ láti ilé ló bá a mú ọmọ náà dání, ọkọ̀ wọn sì dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Àárọ̀ ni. Mo wà lẹ́yìn gbogbo èrò ní ìdí pọ́ǹpù, àwọn obìnrin tò síwájú mi, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó kàn. Ọkùnrin náà dúró létí títì, ó ń kí ẹnì kan. Ọmọbìnrin kan tó ní báàgì lọ́wọ́ rìn wá bá mi, bóyá nítorí pé èmi ni mo kángun sí i jù. Ó wo àwọn obìnrin náà dáadáa, ó tún wò wọ́n. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, èwo ni ìyá mi nínú wọn?"

Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mú un lọ síwájú. Ìyá alágbàfọ̀ kẹ́yìn sí wa, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ó yíjú padà.

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ó ní, bí a ṣe ń kí àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí.

Obìnrin náà dáhùn pé, "O kú ìrìn o." Ó fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún nù ún, kò sì mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ náà lé.